Fóònù ọ́fíìsì ń dún nílé, ṣùgbọ́n ohùn ò jáde

Ìbéèrè: PBX ọ́fíìsì wa, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín ìpè (FreePBX ni, àdírẹ́sì rẹ̀ ni 192.168.1.10), wà lẹ́yìn ráútà. Mo ṣí port 5060 (ẹnu ọ̀nà kan lórí ráútà) kí n lè máa gba ìpè láti ilé. Ó ń dún o, àmọ́ bí mo bá gbé e, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́ rọ́rọ́. Kí ló dé?

Ohun tó ń mú fóònù dún àti ohun tó ń gbé ohùn, ọ̀nà wọn ò pa pọ̀. SIP, ìyẹn ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ ìpè, ló ń kan ilẹ̀kùn, port 5060 ló ń gbà. Ohùn fúnra rẹ̀, ìyẹn RTP, port UDP 10000 sí 20000 ló ń gbà. Bí ìpè bá wọlé, PBX á sọ fún fóònù yín pé kó máa fi ohùn ránṣẹ́ sí 192.168.1.10. Àdírẹ́sì inú ọ́fíìsì nìkan nìyẹn, íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbé e kọjá, ni ohùn yín bá ṣòfò sọ́nà.

Ṣé kí n ṣí ìyẹn náà?

Ó lè ṣiṣẹ́, bí ẹ bá kọ àdírẹ́sì ìta sí External Address. Àmọ́ ẹ má ṣe é. Tọ̀sán tòru ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá 5060 tó ṣí sílẹ̀. Wọ́n á dán nọ́ńbà fóònù inú PBX, bíi 100, 101, 102, wò, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tí kò ju nọ́ńbà yẹn lọ. Bí ọ̀kan bá ti ṣí, òru ni wọ́n fi ń pe òkè òkun, ẹ̀yin lẹ óò sì sanwó rẹ̀. Ẹ ti 5060 pa lónìí.

Kí ni kí n wá lò?

WireGuard (VPN ni, ọ̀nà àdáni lórí íntánẹ́ẹ̀tì), lórí PBX gan-an àti lórí fóònù. UDP 51820 nìkan lẹ óò ṣí lórí ráútà. PBX á jẹ́ 10.8.0.1, fóònù á jẹ́ 10.8.0.2. Lórí fóònù, AllowedIPs jẹ́ 10.8.0.1/32, PersistentKeepalive jẹ́ 25, kó máa ta ráútà jí ní ìṣẹ́jú àáyá 25 síra kó má bàa ti ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Asterisk SIP Settings, kí ẹ fi 10.8.0.0/24 kún Local Networks. Ibí yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé: láìsí i, PBX á ṣì máa kà yín sí ará ìta. Nínú áàpù tí ẹ fi ń pè, 10.8.0.1 ni kẹ́ ẹ kọ sí server.

Bí kò bá sopọ̀ rárá ńkọ́?

Ẹ wo WAN IP (àdírẹ́sì ìta) lára ráútà. Tó bá bọ́ sáàárín 100.64.0.0 àti 100.127.255.255, CGNAT ni, ó sì wọ́pọ̀ lórí ráútà oní-SIM: ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ jọ ń pín àdírẹ́sì kan, port tí ẹ ṣí ò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ ra public IP (àdírẹ́sì ìta tó jẹ́ tiyín nìkan), tàbí kẹ́ ẹ gba VPS kékeré (kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi háyà) kí PBX àti fóònù máa pàdé níbẹ̀.

Dátà mélòó ló ń jẹ?

Pẹ̀lú G.711 (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà sọ ohùn di dátà), bíi MB 1.5 ní ìṣẹ́jú kan, àlọ àtàbọ̀. G.729, ọ̀nà mìíràn, ò tó bẹ́ẹ̀.

Tí fóònù ò bá dún nígbà tí ojú rẹ̀ ti kú?

Android ló pa áàpù yẹn láti fi ṣọ́ bátìrì. Ẹ wọ Settings, kí ẹ yọ áàpù náà àti WireGuard kúrò lábẹ́ battery optimization.