Olú ti débẹ̀ kí gbòǹgbò tó dé

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ewéko kọ́kọ́ ta gbòǹgbò, kí olú tó wá bá a nínú ilẹ̀. Òkúta abúlé Rhynie ní Skọ́tláǹdì kò jẹ́rìí sí i.

Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 407 ọdún sẹ́yìn, ìsun omi gbígbóná ń ṣàn níbẹ̀. Silica, èròjà tó wà nínú yanrìn, tó ti yọ́ sínú omi náà wọ ara ewéko, ó sì dì kí ewéko tó ráyè jẹrà. William Mackie, oníṣègùn kan, ló ṣàwárí òkúta yìí ní 1912. Tí wọ́n bá gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, sẹ́ẹ̀lì á hàn kedere lábẹ́ máíkírósíkóòpù, òwú olú náà á sì hàn.

Olú tí à ń wí kì í ṣe èyí tó ń hù nídìí ọ̀gán. Kò ní agboòrùn lórí; òwú tín-ín-rín lásán ni.

Aglaophyton, ewéko kan níbẹ̀, kò ní gbòǹgbò rárá: ọ̀pá tó ń rá nílẹ̀ ni, pẹ̀lú irun wẹ́wẹ́ lábẹ́. Síbẹ̀, ní 1994, àwọn onímọ̀ fi hàn pé olú wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá náà, tó pẹ̀ka bí igi kékeré. Bó ṣe ń wọlé ló wú ni lórí jù. Lára àwọn ewéko tó wà láàyè lónìí, òwú olú máa ń la ògiri sẹ́ẹ̀lì kọjá, ṣùgbọ́n kì í ya awọ tó wà lẹ́yìn ògiri. Awọ náà á kàn tẹ̀ wọnú, á bo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà téèyàn fi ìka ti náílọ́ọ̀nù rírọ̀ tí kò sì já. Ibi awọ yìí ni wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀: olú gbé phosphorus, èròjà inú ilẹ̀ tí ewéko nílò láti dàgbà, wá, ewéko fún un ní ṣúgà.

Àáró gidi ni. Olú ní ọkọ́, kò ní iṣu. Ewéko ní iṣu, kò ní ọkọ́. Phosphorus kì í rìn jìnnà nínú ilẹ̀, àfi kí nǹkan wá a lọ sáàárín erùpẹ̀, òwú olú sì tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀. Ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò nínú omi bọ́ sórí ilẹ̀ tó le koko nílò irú alábàáṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Nígbà tí gbòǹgbò dé, olú kàn kó lọ síbẹ̀ ni. Ẹ̀gẹ́ oko wa ṣì gbára lé e púpọ̀, torí gbòǹgbò tó fi ń fa oúnjẹ kò pọ̀, ó sì ki.

Àáró náà lè bà jẹ́ o. Tí àgbẹ̀ bá da ajílẹ̀ tó kún fún phosphorus sílẹ̀ jù, ewéko á dín ṣúgà tó ń fún olú kù, òwú inú gbòǹgbò á sì máa dínkù.