Ilé ìdáná nínú agbo ilé Yorùbá

Ilé ìdáná ni ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ nínú agbo ilé Yorùbá. Nínú ilé àtijọ́, kì í sábà jẹ́ yàrá kan pàtó: ó lè jẹ́ igun kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àgbàlá, tàbí àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò lẹ́yìn ilé. Agbo ilé tó bá ní ìyàwó mẹ́wàá lè ní ààrò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́wàá, nítorí obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ń dáná tirẹ̀. Ìdí ààrò ni ètò àgbà àti kékeré láàárín àwọn ìyàwó ti ń hàn kedere jù, ibẹ̀ ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ òwò, ibẹ̀ náà sì ni púpọ̀ nínú ohun tí àwọn obìnrin ń gbé lọ tà ti ń jáde.

Agbo ilé

Agbo ilé jẹ́ ọ̀wọ́ yàrá amọ̀ tó yí àgbàlá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ká. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé ní agbègbè ọ̀dàn bí Ọ̀yọ́. Ewé gbòdògì tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni ti apá igbó. Baálé ni olórí. Òun, àwọn àbúrò rẹ̀, àwọn ọmọ wọn àti àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ wọlé ló ń gbé ibẹ̀. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí.

Àwọn tí ìyá kan náà bí, tí wọ́n jọ jẹun nínú ìkòkò kan, ni ọmọ ìyá. Àwọn tó jẹ́ bàbá nìkan ló dà wọ́n pọ̀ ni ọbàkan. Ìyàtọ̀ yìí máa ń hàn nígbà ogún pípín, torí ní ibi púpọ̀, ìdí igi ni wọ́n fi ń pín in: ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ìdí kan, ìdí kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìpín kan, ì báà ṣe ọmọ kan ló wà níbẹ̀ tàbí mẹ́fà. Ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, fìdí ìlànà náà múlẹ̀ ní ọdún 1962 nínú ẹjọ́ ogún kan tó wá láti Èkó.

Ààrò àti ohun èlò

Ààrò tó wọ́pọ̀ jù ni òkúta mẹ́ta tàbí ìṣù amọ̀ mẹ́ta tí wọ́n tò yípo. Ìkòkò ń jókòó lé wọn, igi ìdáná sì ń gba àlàfo àárín wọn wọlé. Ibẹ̀ ni òwe "ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù" ti wá, òótọ́ ojúkojú sì ni òwe náà. Bí òkúta bá jẹ́ mẹ́rin, tí ọ̀kan sì ga ju àwọn yòókù lọ díẹ̀, ìkòkò á máa mì. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó bá jókòó lé mẹ́ta kì í mì, kódà bí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú. Àdògán ni ààrò tí wọ́n fi amọ̀ mọ, tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ níwájú. Òkè ààrò ni àjà wà, níbi tí èéfín ti ń gbẹ ẹja, ẹran àti àgbàdo tí wọ́n máa gbìn ní ọdún tó ń bọ̀, tí kòkòrò kò fi ní jẹ ẹ́.

Iná kì í sábà kú pátápátá nínú agbo ilé. Bí ti obìnrin kan bá kú, ọmọdé ni yóò rán sí ààrò ẹlòmíràn láti lọ fọnná. Ọmọ náà á kó ẹyin iná sórí àpáàdì, á sì sáré gbé e bọ̀ kó tó di eérú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bi àlejò tí kò fẹ́ jókòó pé, "Ṣé o wá fọnná ni?" Ìdí náà nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé àpáàdì ló tó ko iná lójú.

Àpáàdì, ìyẹn àfọ́kù ìkòkò, kò pin sí ìdí ààrò. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú àgbàlá àti ojú ọ̀nà jáde tí wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpáàdì tẹ́, tí wọ́n gbé e dúró ní ẹ̀gbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so iṣẹ́ náà mọ́ Lúwo, obìnrin tí wọ́n ní ó jẹ Ọọ̀ni. Bí a bá ro iye ìkòkò tó gbọ́dọ̀ fọ́ kí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó kún, ó jọ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn amọ̀kòkò, tí wọ́n jẹ́ obìnrin, wà lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo ìlú.

Obìnrin ló ń mọ ìkòkò ní ilẹ̀ Yorùbá títí di òní. Dáda ní Ìlọrin àti Ìpetumodù wà lára ibi tí iṣẹ́ náà ti gbajúmọ̀ jù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa amọ̀ sókè, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á wá kó igi àti koríko lé e, wọ́n á sun ún ní gbangba. Ìyámọ̀pó ni òrìṣà tí wọ́n kà sí alábòójútó iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin bí ìkòkò mímọ àti aṣọ rírẹ. Òkè kan ní Ìgbẹ́tì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìṣaasùn ni ti ọbẹ̀. Agbada, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tí inú rẹ̀ kò sì jìn, ni wọ́n fi ń dín àkàrà tí wọ́n sì fi ń yan gàrí. Ajere ní ihò káàkiri ara, wọ́n ń fi yan ẹja àti ẹran. Àmù ni ti omi mímu, ó sì ń jẹ́ kí omi tutù nínú ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá. Ọlọ àti ọmọ ọlọ ni ti ata, odó àti ọmọ odó ni ti iyán àti èlùbọ́, ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń ja ewédú. Eérú kì í ṣòfò: àwọn aláró ń sẹ́ omi gba inú rẹ̀ kọjá láti fi pèsè aró, àwọn ọlọ́ṣẹ sì ń lo irú omi bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àdín tàbí epo fún ọṣẹ dúdú.

Ẹ̀kọ: láti inú omi dé orí igbá

Ẹ̀kọ jẹ́ oúnjẹ tó fi iṣẹ́ ilé ìdáná hàn dáadáa. Wọ́n á rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì máa kan. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ. Èèrí tó kù lórí aṣọ di ti ewúrẹ́ àti àgùntàn ilé. Èyí tó sàn kọjá ni ògì. Yóò silẹ̀ sínú ìkòkò, omi kíkan yóò wá lé sókè. Àwọn àgbà ń fi omi ògì yìí rẹ egbò igi fún àgbo.

Kí àkùkọ tó kọ, ẹlẹ́kọ ti wà nídìí iná. Ó ń da ògì sínú omi tó ń hó, ó ń fi orógùn gígùn rò ó láìdúró, torí bó bá dẹwọ́ díẹ̀, á di kókó. Nígbà tó bá ki, á fi ìgbákọ bù ú sínú ewé ẹ̀ẹ̀ran; ọwọ́ ọ̀tún ń bù, ọwọ́ òsì ti ká ewé bí ife, á sì pa ẹnu rẹ̀ dé kí ìgbákọ kejì tó dé. Tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ẹ̀kọ ti tutù, ó ti dì, àwọn ọmọbìnrin sì ti gbé igbá rù láti kiri. Nínú èyí tó kù ni ilé ti ń jẹ. Iná kan náà ló bọ́ ilé, òun ló sì pa owó wọlé, kò sì rọrùn láti fi ìka sí ibi tí iṣẹ́ ilé parí sí tí òwò fi bẹ̀rẹ̀.

Bákan náà ni ìrù, èlùbọ́, gàrí, àkàrà àti àdín. Ìrù ló gba sùúrù jù nínú wọn: wọ́n ń sè é láti àárọ̀ di alẹ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gún un kí èèpo rẹ̀ bọ́, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìyáálé, ìyàwó àti owó ọbẹ̀

Ọjọ́ tí obìnrin wọlé ọkọ ni wọ́n fi ń ka ipò rẹ̀ nínú ilé náà, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyáálé. Ìyàwó tó dé lónìí yóò ka ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá nílé sí ọkọ rẹ̀, kò sì ní pe ọmọ náà lórúkọ. Orúkọ àdàpè ni yóò fún un: Adúmáadán, Eyínfúnjowó, Ìbàdíàrán, Akọ̀wé. Ọmọbìnrin ilé náà jẹ́ ọkọ rẹ̀ bákan náà.

Nínú ìwé tó jáde ní 1997, Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí lo irú àpẹẹrẹ yìí láti sọ pé ipò àgbà ló gbé àwùjọ Yorùbá ró kí òyìnbó tó dé, kì í ṣe ìyàtọ̀ akọ àti abo. Àwọn onímọ̀ kan kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní agbára ọkùnrin wà nínú ilé, bí èdè kò tilẹ̀ fi í hàn. Ìdí ààrò fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ẹ̀rí. Ìyàwó kékeré ló ń pọnmi tó sì ń gún iyán, ìyáálé ló ń pàṣẹ, tí ó sì ráyè lọ sí ọjà tó jìnnà. Síbẹ̀, baálé kì í ro ọkà.

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe àtijọ́, ọkọ ló ń mú iṣu àti àgbàdo wá láti oko, ìyàwó ló sì sábà máa ń wá iyọ̀, ìrù, ata àti ẹja. Owó tí ọkọ ń fi sílẹ̀ fún oúnjẹ ni owó ọbẹ̀. Níbi tí orogún bá wà, wọ́n ń gba ọjọ́ se oúnjẹ ọkọ. Èrè òwò obìnrin jẹ́ tirẹ̀, èsúsú tàbí àjọ ló sì ń kó o sí kí ó lè pọ̀ tó láti fi ra ọjà. Niara Sudarkasa, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fara balẹ̀ kọ nípa bí iṣẹ́ ọjà àti iṣẹ́ ilé ṣe so kọ́ra fún àwọn obìnrin yìí. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1973. Láti pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní "ìyàwó ilé" tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, bí ìwé ìjọba ṣe máa ń kọ ọ́ nígbà mìíràn, kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé owó àkàrà tàbí ti ẹ̀kọ ló rán wọn níwèé.

Aṣọ ọmọdé

Ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ ọwọ́ ń wà, ìyá sì ń dáná bẹ́ẹ̀. Á fi aṣọ gbòòrò pọ̀n ọ́n, á wá fi ọ̀já gbá ìdí rẹ̀ mú, á so ó níwájú. Kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn tí àwọn obìnrin fúnra wọn ń hun nínú ilé, dára fún èyí nítorí kì í tètè gbó. Nígbà tí ọmọ bá ń rìn, ìhòhò kì í ṣe ìtìjú. Ọmọbìnrin lè ní ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Tòbí ni ti ọmọbìnrin tó bá dàgbà díẹ̀, bàǹtẹ́ ni ti ọkùnrin. Ọmọ tí wọ́n bá fura sí pé àbíkú ni, ṣaworo ni wọ́n ń so mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí ìró rẹ̀ lè lé ẹgbẹ́ ọ̀run jìnnà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, yunifọ́ọ̀mù sì wọ ọ̀pọ̀ ilé tí kò tíì mọ̀ ọ́n rí. Aṣọ náà mú iṣẹ́ tuntun wá sídìí ààrò: ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹyin iná tó kù lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n ń kó sínú áyọ́ọ̀nù eléèédú láti fi lọ aṣọ ilé ìwé.

Àyípadà

Páànù ti rọ́pò koríko. Nínú ilé fésì-mí-n-fésì-yú tó kún àwọn ìlú ńlá, ilé ìdáná wà lẹ́yìn, gbogbo ayálégbé ló jọ ń lò ó, obìnrin kọ̀ọ̀kan sì ní igun tó gbé sítóòfù kẹrosíìnì rẹ̀ sí. Ètò yìí kò jìnnà sí ti agbo ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìyáálé níbẹ̀ tí yóò parí ìjà. Ilé ìdáná inú fúláàtì ló yàtọ̀ jù. Yàrá kan ni, gáàsì kan, ẹnì kan ló sì máa ń wà níbẹ̀, ìyẹn ìyàwó tàbí ọmọ ọ̀dọ̀. Kò sí aládùúgbò tí yóò gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí epo bá ń gbóná. Ẹ̀rọ ìlọta ti mú ìrora ọlọ kúrò, ìyẹn sì kì í ṣe ohun kékeré.

Igi ìdáná kò tíì lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èéfín inú ilé pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé ní ọdún 2020. Ààrò àgbàlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lè má fi bẹ́ẹ̀ burú tó yàrá tí wọ́n ti pa fèrèsé rẹ̀.

Ní òkè òkun

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba mú ìmọ̀ ìdí ààrò lọ. Ní Cuba, ekó, olelé àti ekrú ṣì wà lára oúnjẹ òrìṣà; ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò mọ ẹ̀kọ, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti èkuru nínú wọn. Ní Bahia, ọ̀rọ̀ abará jọ àbàlà wa, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, wọ́n sì ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í. Àkàrà ni ó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀, acarajé ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 2005, Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé ogún àjọní orílẹ̀-èdè náà. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n ń wé gèlè, wọ́n ń jókòó ti agbada ní ẹ̀gbẹ́ títì Salvador, epo pupa sì ni wọ́n fi ń dín in.