Irinṣẹ́ Tó Sá Pamọ́ Sẹ́yìn Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Nínú CorelDRAW

Lásìkò tí wòlímọ̀ bá pọ̀ nílùú Ìlọrin, iṣẹ́ kan náà ló máa ń wà lójú kọ̀ǹpútà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù gíráfíìsì: bánà tí wọ́n fi ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ ṣe lẹ́ṣọ̀ọ́, orúkọ ọmọ tó parí Kùránì láàárín, fọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí oníkálukú ṣe ń ya ìràwọ̀ yẹn ló yàtọ̀ síra. Ẹnì kan á fi Bezier, irinṣẹ́ tó ń fa ìlà, fa igun kọ̀ọ̀kan, á máa sún node, ìyẹn àwọn ojúàmì orí ìlà, síhìn-ín sọ́hùn-ún, síbẹ̀ apá kan á tóbi ju ìkejì lọ. Ẹlòmíràn á gbé igun mẹ́rin méjì léra, á tẹ eku bíi ìgbà mẹ́sàn-án, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. CorelDRAW kan náà, sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń yàwòrán, ni àwọn méjèèjì ń lò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju pé ọ̀kan ti ṣí ẹ̀yìn bọ́tìnnì wò rí lọ.

Bí wọ́n ṣe to àpótí irinṣẹ́ náà ló fà á. Ọdún 1989 ni CorelDRAW kọ́kọ́ jáde, ilé iṣẹ́ Corel tó wà nílùú Ottawa ní Kánádà ló ṣe é. Láti ìgbà náà ni ẹ̀dà tuntun ti ń jáde tí irinṣẹ́ sì ń gorí irinṣẹ́, bẹ́ẹ̀ apá òsì síkírínì tí wọ́n tò wọ́n sí kò fẹ̀ sí i. Wọ́n wá kó wọn jọ ní ẹbí-ẹbí. Àwọn tó ń fa ìlà wà lójú kan, àwọn tó ń gé nǹkan wà lójú kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì ń yọjú síta nínú ẹbí kọ̀ọ̀kan. Igun mẹ́ta dúdú kékeré tó wà nísàlẹ̀ bọ́tìnnì lápá ọ̀tún ni àmì pé àwọn yòókù wà lẹ́yìn. Ó kéré débi pé ojú a máa fò ó. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì náà tó sì gbọ́wọ́ kíá, èyí tó wà níwájú nìkan ló máa rí mú. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tó fi ìka sílẹ̀ lé e díẹ̀ ni gbogbo ẹbí yóò tò jáde fún.

Ohun kejì tó ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ ni pé irinṣẹ́ tí èèyàn bá lò kẹ́yìn ni CorelDRAW máa ń fi síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ràn Bezier, Bezier ni yóò máa rí lójoojúmọ́. B-spline àti 3-Point Curve tí wọ́n jọ wà nínú ẹbí kan náà lè wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìfojú kàn án. Bí síkírínì láptọ́ọ̀pù bá tún kéré, àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lè máà yọjú rárá. Láti ẹ̀dà X7, tó jáde ní 2014, àmì àròpọ̀ kan wà nínú róbótó ní ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ irinṣẹ́ wà, tí èèyàn lè máàkì èyí tó bá fẹ́ kó máa hàn.

Ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ṣẹ́ náà kún un. Ọmọṣẹ́ máa ń wo ọwọ́ ọ̀gá ni. Pick, Shape, Text àti PowerClip ni ọ̀gá ń lò, òun náà ni ọmọṣẹ́ yóò gbà, òun náà ni yóò sì fi kọ́ ọmọṣẹ́ tirẹ̀ lọ́la. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ oníbàárà ń dúró, kò sì sí àyè láti máa tẹ bọ́tìnnì kiri. Ṣùgbọ́n ó dunni láti rí i kí ọwọ́ tó já fáfá máa ṣe wàhálà lórí ohun tí irinṣẹ́ ti wà fún.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìràwọ̀ wòlímọ̀. Rectangle Tool ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìka lórí Ctrl kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè dọ́gba. Wọ́n á kọ́pì rẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ sójú kan náà pẹ̀lú Ctrl+C àti Ctrl+V, wọ́n á wá kọ 45 sí àyè dígírì tó wà lókè, kí ìkejì lè yí. Igun mẹ́rin méjì ti jókòó léra báyìí. Bí a bá wò ó dáadáa, ìlà wọn ti pín ojú ibẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́sàn-án: onígun mẹ́jọ kan láàárín, àti igun mẹ́ta kékeré mẹ́jọ yí i ká. Ojú èèyàn rí mẹ́sàn-án yìí, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, nǹkan méjì péré ló wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọ̀ kì í fi í gbà níbi tí a bá fẹ́: bí a bá kun àwọ̀, gbogbo igun mẹ́rin ni yóò kún.

Irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Smart Fill ló mọ bí a ṣe ń rí i bí ojú èèyàn ṣe rí i. Ibikíbi tí a bá tẹ̀, yóò wá ìlà tó ká ibẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ ìlà nǹkan méjì tàbí mẹ́wàá, yóò sì ya nǹkan tuntun tó bá àyè yẹn mu rẹ́gí, pẹ̀lú àwọ̀ tí a ti yàn sílẹ̀ lókè. A tẹ àárín, a fi àwọ̀ ewé sí i. A tẹ igun mẹ́ta mẹ́jọ tó yí i ká, a fi àwọ̀ wúrà sí wọn. Igun mẹ́rin méjì tí a kọ́kọ́ yà kò yí padà rárá, wọ́n wà lábẹ́. Ojú ibi tí ìlà bá ti já nìkan ni kò ti lè ṣiṣẹ́, nítorí kò sí ohun tó ká a mọ́.

Orí àwọn tó ń fa ìlà tó tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ká sọ pé iṣẹ́ tó wọlé jẹ́ àmì fún ẹni tó ń ta ìkòkò amọ̀, irú èyí tí àwọn ìyá ń mọ ní Òkèlélé nílùú Ìlọrin. Ikùn ìkòkò kì í ní igun. Bí a bá fi Bezier fà á, ìlà yóò gba inú node kọ̀ọ̀kan kọjá, apá méjì tó wà lára node ni yóò sì máa fà á sọ́tùn-ún àti sósì. Pierre Bézier, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Renault ní ilẹ̀ Faransé, ló sọ irú ìlà yìí di mímọ̀ ní àwọn ọdún 1960. Paul de Casteljau ti ṣe é ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Citroën ṣáájú rẹ̀, àṣírí ilé iṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe. Ìlà ara mọ́tò tó ń dán ni wọ́n ń wá. Ó péye gan-an, ṣùgbọ́n bí node bá ti pọ̀ jù, ikùn ìkòkò á máa hu kókó.

B-spline yàtọ̀. Ojú ibi tí a tẹ̀ kì í sábà wà lórí ìlà. Ìta ló máa ń dúró bí èèkàn, tí ìlà á máa tẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìdé ibẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí nìkan ni ìlà máa ń kàn. Nítorí náà, ìlà náà kì í ṣẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹnu ìkòkò, ní ọrùn, síta níbi ikùn, wọlé níbi ìdí, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti parí: ìdajì ìkòkò ti wà nílẹ̀. Bí ikùn bá tóbi jù, èèkàn kan ṣoṣo ni a ó fi Shape Tool sún. Ìdajì kejì kò gba wàhálà: a mú ìdajì àkọ́kọ́ ní àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a di Ctrl mú, a fà á kọjá sí òdìkejì, a sì tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún eku ká tó gbọ́wọ́ kí ti àkọ́kọ́ lè dúró. Bí ìkòkò náà bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ellipse lásán, irinṣẹ́ tó ń ya òbìrìkìtì, kò ní bá ẹnu rẹ̀ mu. 3-Point Ellipse tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ká mú: fà á láti etí kan dé etí kejì, gbọ́wọ́, sún eku díẹ̀ kí ẹnu là tó bó ṣe yẹ, kó o sì tẹ̀ ẹ́.

Àwọn sọ́fúwíà mìíràn náà ní irú Smart Fill tiwọn. Shape Builder wà nínú Illustrator láti 2010. Inkscape, tí kì í gba kọ́bọ̀, ní i láti ẹ̀dà 1.3 tó jáde ní 2023. Ẹni tó bá sì ṣí irinṣẹ́ kan ní CorelDRAW tí kò mọ ohun tó ń ṣe, kó tẹ Help, kó mú Hints. Àlàyé irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ni yóò máa hàn níbẹ̀.

Ó ku Virtual Segment Delete, tó wà nínú ẹbí Crop, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Knife àti Eraser. Òun ló ń pa ìlà rẹ́ láti oríta kan sí oríta kejì. Lórí ìràwọ̀ wa, ẹ̀gbẹ́ igun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ni ìlà ìkejì gé sí mẹ́ta, ti àárín ló sì wà nínú ìràwọ̀. Mẹ́jọ ni gbogbo wọn. Bí eku bá ti dúró lórí èyí tó ṣeé pa, àmì rẹ̀ á nàró; ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí àwọ̀ bá pòórá, ìlà tó já kì í gba àwọ̀. Bí ìràwọ̀ náà bá jẹ́ fún bánà, ìlà inú yẹn kò ṣèdíwọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí àwọ̀ á bò ó. Bó bá jẹ́ sítíkà tí wọ́n fẹ́ fi máṣíìnì gé ni, ọ̀rọ̀ yí padà: ìlà ni ọ̀bẹ máṣíìnì ń tẹ̀ lé, kò mọ èyí tí a fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tí a gbàgbé síbẹ̀, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni yóò sì gé wọ àárín ìràwọ̀.