Mùsíọ́mù aago àtijọ́

Mùsíọ́mù aago àtijọ́ ni ilé tí wọ́n ń kó aago ayé ijọ́un sí káwọn èèyàn lè wá wò ó, látorí aago ṣọ́ọ̀ṣì tí fírémù irin ẹ̀ tóbi gan-an títí dórí aago àpò tí ò kún àtẹ́lẹwọ́. Àwọn ńlá tó lórúkọ wà o, bíi Musée international d'horlogerie ní La Chaux-de-Fonds lórílẹ̀-èdè Switzerland àti Deutsches Uhrenmuseum ní Furtwangen ní Jámánì, àmọ́ àwọn kékeré náà wà káàkiri, yàrá méjì mẹ́ta péré, tó sì sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan ló ti ń ra aago jọ bọ̀ títí ilé ẹ̀ ò fi gbà á mọ́.

Ní irú ilé kékeré bẹ́ẹ̀, etí ló ń ṣáájú ojú wọlé. Aago gíga tó dúró nílẹ̀ á máa dún kò, kò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ti orí tábìlì á máa sáré kìkìkìkì, ọ̀kan ò sì bá ìkejì mu. Tó bá wá di aago méjìlá, ó ṣòro kí gbogbo wọn lù pa pọ̀, ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀, òmíì á gbà á lẹ́nu ẹ̀, ẹyẹ kúkúù onígi tó wà nínú aago míì náà á yọrí (ohùn méjì tó ń ké yẹn, ẹwìrì kékeré méjì ló ń fẹ́ atẹ́gùn sínú fèrè méjì).

Lílù yìí ni olórí iṣẹ́ aago tẹ́lẹ̀. Èyí tó wà ní kàtídírà Salisbury ní Ìlú Ọba, tí ọ̀pọ̀ gbà pé nǹkan bí ọdún 1386 ni wọ́n ṣe é, kò lójú, kò lọ́wọ́, kó ṣáà ti lu agogo ni. Abájọ tó fi jẹ́ agogo làwọn kan ṣì ń pe aago títí dòní. Aago ìgbà yẹn lè fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ṣì lóòjọ́, àfìgbà tí Christiaan Huygens ará Netherlands lo pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ìyẹn irin gígùn tó ń fì lọ fì bọ̀, lọ́dún 1656 ni àṣìṣe yẹn tó wálẹ̀ dé abẹ́ ìṣẹ́jú kan. Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tó gùn tó nǹkan bíi mítà kan máa ń fi ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, á fi òmíì bọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí aago onígi tó dúró nílẹ̀ yẹn ga tó bẹ́ẹ̀. Téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ irin tó ń fì yẹn, á rí nọ́ọ̀tì kékeré kan níbẹ̀, tí wọ́n bá yí i kí irin náà gòkè díẹ̀, aago á yá sí i, tó bá sọ̀ kalẹ̀, á falẹ̀. Ooru náà ń fà á gùn, torí ẹ̀ ni aago míì fi ń pẹ́ lẹ́yìn lásìkò ooru.

Aago àpò ló yẹ kéèyàn pẹ́ sí jù, tí wọ́n bá ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ sílẹ̀ nínú gíláàsì. Nínú àwọn tó ti pẹ́ gan-an, ṣéènì kan wà tó rí bíi ti kẹ̀kẹ́ ṣùgbọ́n tó tín-ínrín bí òwú, ó wé mọ́ irin ṣóńṣó kan. Ìdí ni pé sípíríǹgì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wáìn máa ń fà gan-an, tó bá yá agbára ẹ̀ á dínkù, bí ṣéènì yẹn ṣe ń bọ́ láti ibi tó tín-ín-rín lọ síbi tó fẹ̀ ló ń jẹ́ kí aago máa rìn bákan náà.

Èyí tí ò yẹ kẹ́nikẹ́ni ṣí rárá ni aago tí wọ́n fi rédíọ́ọ̀mù (èròjà kan tó ń tú ìtànṣán olóró jáde) kun nọ́ńbà ẹ̀ kó lè máa tàn lókùnkùn, wọ́n ṣe é gan-an níbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ọ̀dà náà lè má tàn mọ́, ṣùgbọ́n 1,600 ọdún ni ìdajì rédíọ́ọ̀mù fi ń lọ, nítorí náà oró ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tí wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí ni bóyá kí wọ́n jẹ́ kí aago máa ṣiṣẹ́ àbí kí wọ́n dá a dúró, torí pé aago tó dúró kì í dùn ún wò, èyí tó sì ń rìn ń jẹ ara ẹ̀ ni. Ní Greenwich ní Ìlú Ọba, aago mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní H1, H2 àti H3 tí John Harrison ṣe kí awakọ̀ òkun lè mọ ibi tó wà ṣì ń rìn, torí wọn ò nílò òróró, àmọ́ wọ́n dá H4 tó parí lọ́dún 1759 dúró torí òun nílò ẹ̀, bó bá sì ń rìn á máa gbó.

Níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kó rìn, èyí tó ń lo ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n ń wáìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àwọn míì sì wà tó jẹ́ ojoojúmọ́. Lórílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan lọ́dọọdún, wọn kì í yí ọwọ́ ọ̀pọ̀ aago alágogo padà sẹ́yìn kí iye tó ń lù má bàa dàrú tàbí kí irin inú ẹ̀ bà jẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ á fọwọ́ mú pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù dúró, á fi sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, á wá tì í kó tún bẹ̀rẹ̀.