Olókeméjì Ni Gbòǹgbò: Bí Ẹ̀kọ́ Nípa Igbó Ṣe Dé Yunifásítì Ìbàdàn

Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ igbó ní Yunifásítì Ìbàdàn pé ìgbà wo ni wọ́n dá ẹ̀ka wọn sílẹ̀, 1963 ni yóò dá yín lóhùn. Kò parọ́. Ọdún kan lẹ́yìn tí Ìbàdàn bọ́ lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n gbé e kalẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n ṣí kíláàsì nìyẹn. Ìmọ̀ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ti dàgbà ṣáájú kíláàsì. Èrò tèmi ni pé Olókeméjì, igbó kan tí ìjọba pààlà sí, ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, àti pé ọdẹ àti àgbẹ̀ ilẹ̀ yìí ni wọ́n tú ilẹ̀ tí gbòǹgbò náà wọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èdè wa ná. Igbó tí ọkọ́ àti àdá kò kàn rí, ẹgàn là ń pè é. Èyí tó jìnnà sí ilé tí ọdẹ ń sùn sí mọ́jú, ijù ni. Ibi tí koríko ti borí tí igi dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀dàn. Ibi tí omi kì í gbẹ lẹ́bàá odò, àkùrọ̀. Àwọn tí kò fara balẹ̀ wo ilẹ̀ kò lè pín in báyìí. Ta ló pín in? Mo gbà pé ọdẹ ni. Ẹni tó bá fẹ́ de ègùn sórí igi kó lè dọdẹ lóru gbọ́dọ̀ mọ oṣù tí igi náà ń so, kó mọ ẹranko tó ń jẹ èso rẹ̀, kó sì mọ iye ọjọ́ tí èso fi ń já bọ́ kó tó tán. Bàbá mi àgbà mọ gbogbo èyí láìka ìwé kankan. Bó bá tọ́ ewé wò lókùnkùn, ó ti mọ abẹ́ igi tó wà. Agbẹ́gilére náà ní tirẹ̀: ó mọ̀ pé ọ̀mọ̀ dára fún ìlù, ó sì mọ igi tí yóò là bí oòrùn bá pa á.

Orúkọ tí àwọn èèyàn wọ̀nyí sọ igi ti rìn jìnnà. Ìrókò, ìdígbó, òpèpè, abúrà, afàrà: bí ẹ ṣe ń gbọ́ wọn yìí náà ni àwọn oníṣòwò gẹdú ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ń pè wọ́n nínú ìwé títà wọn. Àwọn Faransé ní orúkọ mìíràn fún àwọn kan nínú wọn: limba ni wọ́n ń pe afàrà. Gbogbo ìlú tí wọ́n ti ń fi ìrókò kan ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń sọ Yorùbá láìmọ̀.

Àwọn kan ń sọ pé láti Bọ́mà ni ìmọ̀ igbó ti wá bá wa, nítorí pé ibẹ̀ ni H. N. Thompson ti ṣiṣẹ́ kó tó di olórí iṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà ní 1903. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ Bọ́mà ni taungya, ìyẹn gbígbin igi sáàárín ohun ọ̀gbìn. Taung ni òkè, ya ni oko. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wa ti ń dá ìrókò sí láàárín iṣu kó tó mọ̀ pé Bọ́mà wà. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Àwọn tó ní Sapoba, ibùdó ìwádìí igbó nílẹ̀ Ẹdó, ni orísun náà, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe níbẹ̀, àmọ́ Olókeméjì ti wà ṣáájú.

Ohun tó bí Olókeméjì kò dùn. Ní 1895, rọ́bà tó jáde láti Èkó lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n, inú igbó wa ni wọ́n ti ń fá oje rẹ̀. Wọ́n fá a títí igi fi kú. Kò pé ọdún márùn-ún tí òwò náà wó, ìjọba sì dá ilé iṣẹ́ igbó sílẹ̀ ní Èkó ní 1897. Olókeméjì wà lára igbó ọba àkọ́kọ́ pàá tí wọ́n pààlà sí lẹ́yìn náà, lẹ́bàá odò Ògùn, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, níbi tí òkè méjì ti fún ìlú lórúkọ. Ibẹ̀ ni igbó ti ń pàdé ọ̀dàn. Bí mo bá sì ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tó sọ ọ́ di ìyá ẹ̀kọ́ yìí, iná ni n ó mú.

Ní 1929, wọ́n pín ilẹ̀ sí mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n ń dáná sun ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán. Wọ́n ń sun èkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ fúyẹ́. Wọ́n sì dáàbò bo ẹ̀kẹta kí iná má kàn án rárá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èyí tí iná kò kàn di igbó. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ ọ̀dàn, èyí tí wọ́n ń tètè sun sì wà láàárín méjèèjì. Ìdí rẹ̀ rọrùn: iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbóná débi tó fi ń pa ọ̀dọ́ igi, koríko á sì tún hù jáde. Àwọn onímọ̀ kárí ayé ń tọ́ka sí ilẹ̀ mẹ́ta yẹn títí di òní. Ọdẹ tó ń sun ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀rùn mọ ìyàtọ̀ iná méjèèjì. Ohun tí Olókeméjì fi kún un ni wíwọ̀n àti kíkọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, èyí gan-an sì ni yunifásítì ń pè ní ìwádìí.

Ní 1954, ìjọba àpapọ̀ dá ẹ̀ka ìwádìí igbó sílẹ̀ ní Ìbàdàn, èyí tó di FRIN, ilé ìwádìí igbó Nàìjíríà, ní Jẹ́ríkò. Wọ́n kó ewé àti òdòdó gbígbẹ jọ síbẹ̀, orúkọ ìbílẹ̀ sì wà lára àwọn ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ wọn. Síbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà tó bá fẹ́ gboyè nínú ìmọ̀ igbó ní láti wọkọ̀ lọ sí Oxford tàbí Edinburgh, kó lọ kọ́ nípa ìrókò níbi tí ìrókò kì í hù. 1963 ló gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn, mi ò sì ní fojú kéré ọdún náà láé.

Láàárín àwọn tó kọ́ni ní ẹ̀ka ti Yunifásítì Ìbàdàn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n S. Kọ́láadé Adéyọjú, tó kọ̀wé lórí igbó àti ọrọ̀ ajé Nàìjíríà ní 1975, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Lábọ̀dé Pópóọlá, tó padà ṣe gíwá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní àwọn ọdún 1970, FRIN àti àwọn onímọ̀ láti Bìrìtìkó fi ẹ̀ka tútù tó ní ewé gbin arère, nítorí pé arère kì í so lọ́dọọdún, kòkòrò sì ń jẹ èso rẹ̀ lórí igi. Ìrókò ní wàhálà tirẹ̀: bí wọ́n bá gbin ọ̀dọ́ rẹ̀ pọ̀ lójú kan, kòkòrò Phytolyma á mú kí ewé rẹ̀ wú, kó sì rà. Àwọn àgbà tó gbà pé Olúwéré ń gbé inú ìrókò kì í gbìn ín. Mo rò pé wọ́n ti rí i pé kì í fẹ́ kí a tò ó jọ.

Ní 1981, ẹ̀ka ẹranko igbó àti ẹja dá dúró lọ́tọ̀. Lónìí, ìmọ̀ igbó ti kúrò lábẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Akúrẹ́ àti Abẹ́òkúta náà ti ní tiwọn. Ṣùgbọ́n bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wọ igbó ọba Onígàm̀bàrí láti ka igi, ará abúlé kan ló máa ń ṣáájú pẹ̀lú àdá, tí ń gé èèpo igi, tí ń gbóòórùn rẹ̀, tí ń pe orúkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ti Yorùbá sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, yóò sì wá ti Látìnì bó bá délé.