Kí ẹ́ńjìnnì End of Discussion tó wọ inú Civic

Bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára, bíi ti Honda Accord tí a ń pè ní End of Discussion, sínú Honda Civic àtijọ́, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Họ́ọ̀sìpáwà mélòó?" Ìbéèrè yẹn ló rọrùn jù láti dáhùn, òun náà ló sì kéré jù nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Gíà, wáyà, bréènì bọ́kìsì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì), ṣáàfù (ọ̀pá tó ń gbé agbára láti gíà dé táyà) àti ẹ́ńjìnnì síìtì (ohun tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) ló ń pinnu bóyá mọ́tò yóò kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láàárín oṣù kan, tàbí koríko yóò hù yí i ká níbẹ̀.

Civic tí wọ́n sábà máa ń ṣe é sí ni ti ọdún 1992 sí 1995, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní EG, àti ti 1996 sí 2000, ìyẹn EK. Mọ́tò méjèèjì fúyẹ́, ẹsẹ̀ wọn sì dára lójú kọ́nà. Ẹ́ńjìnnì tó bá wọn wá ni kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára: D16Y7 tó wà nínú ọ̀pọ̀ EK ní Amẹ́ríkà kò ju họ́ọ̀sìpáwà 106 lọ, D16Y8 sì jẹ́ 127.

Ọ̀nà tí wọ́n ti ń lò pẹ́ jù ni kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì B, ìyẹn irú ẹ́ńjìnnì Honda tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, sí i. B16A, lítà 1.6, ni Honda kọ́kọ́ fi VTEC, ètò tó ń yí bí fáàfù ṣe ń ṣí padà bí eré ẹ́ńjìnnì bá yí padà, han ayé ní 1989 pẹ̀lú họ́ọ̀sìpáwà 160. B18C tó wà nínú Honda Integra Type R ti Japan ní 1995 dé 200. Ìdí tí ọ̀nà yìí fi rọrùn ni pé Integra àti Civic ìgbà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹ́ńjìnnì síìtì tí Honda fúnra rẹ̀ ṣe ló ń wọlé, bóòtù á bá ihò rẹ̀ mu, wẹ́dà ò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Wáyà náà ò le: ti 1992 sí 1995 àti ti 1996 wá síwájú ní ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó yàtọ̀, ṣùgbọ́n wáyà kékeré kan wà tí wọ́n ń tà tó ń so méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ orí ló ń dá ọ̀nà yìí dúró. Integra irú yẹn parí ní 2001, nítorí náà èyí tó kéré jù nínú àwọn ẹ́ńjìnnì náà ti lé ní ogún ọdún, èyí tó sì ṣì dára ti di ohun tí àwọn olùkójọ ń jà sí. Ẹni tí kò bá ní wẹ́dà tó gbọ́n, tó sì fẹ́ kí iṣẹ́ tètè parí, B ṣì ni tirẹ̀. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì K ni ọ̀pọ̀ ń lé báyìí. Ó jáde ní 2001, ṣéènì ló ń yí kámúṣáàfù rẹ̀ (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) dípò bẹ́líìtì, K20A2 tó wà nínú Acura (orúkọ tí Honda ń lò fún mọ́tò olówó ńlá rẹ̀ ní Amẹ́ríkà) RSX Type-S ti 2002 sì ń fúnni ní họ́ọ̀sìpáwà 200 láìfọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ohun tí Civic mọ̀. Nínú Civic, ojú ibi tí èéfín ń gbà jáde kọjú sí rédíétọ̀, gíà sì wà lápá ọ̀tún mọ́tò. Nínú K, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ló kọjú síwájú, èéfín ń jáde sẹ́yìn sí ògiri tó dá ẹ́ńjìnnì àti èrò láàrin, gíà sì ti bọ́ sápá òsì. Ọwọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń yí sí pàápàá yàtọ̀. Nítorí náà kò sí síìtì Honda kankan tó lè gbà á láìṣe àtúnṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Hasport ní Amẹ́ríkà ló ṣe síìtì alumíníọ̀mù tó ń gbé e sí àyè rẹ̀. Páìpù èéfín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà. Ṣáàfù náà bẹ́ẹ̀: orí kan ní láti wọ gíà K, orí kejì wọ táyà Civic. Irin gígùn ni Civic ń lò láti yí gíà, okùn wáyà méjì ni K ń lò, tó fi jẹ́ pé wọ́n ní láti gbé àpótí gíà tuntun sórí ilẹ̀ mọ́tò.

Ní Nàìjíríà, ẹ́ńjìnnì K tí ojú mọ̀ jù ni K24, nítorí Honda Accord 2003 sí 2005, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní End of Discussion. Ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Mushin, ẹni tó bá ń wá a kò ní rìn jìnnà. Lítà 2.4 ni, ó sì ní ipá láti ìsàlẹ̀ nítorí písítínì rẹ̀ ń rìn mìlímítà 99 nígbà tí ti K20 ń rìn 86. Ṣùgbọ́n K24 inú Accord, K24A4, jẹ́ họ́ọ̀sìpáwà 160, nígbà tí K24A2 inú Acura TSX, lítà kan náà, dé 200. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà (apá òkè ẹ́ńjìnnì, ibi tí fáàfù wà) ló fà á. VTEC inú Accord wà láti fi epo pamọ́: bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, ọ̀kan nínú fáàfù méjì tó ń gba atẹ́gùn wọlé kàn ń ṣí díẹ̀ ni. Ti TSX àti RSX Type-S ní gegele kẹta lára kámúṣáàfù, tó ga ju ìyókù lọ, èyí tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn bí eré bá ti dé òkè, tó sì ń ṣí fáàfù gbọọrọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé tọ́ọ̀pù K20A2 lé ìsàlẹ̀ K24. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n máa ń yọ pọ́ǹpù ọ́ílì K24 náà kúrò, torí ó ní ọ̀pá ìdènà gbígbọ̀n tí kò fẹ́ eré àpọ̀jù, wọ́n á fi ti K20A2 rọ́pò rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ K24 fi nǹkan bíi mìlímítà 19.5 ga ju ti K20 lọ. Kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ṣùgbọ́n bọ́nẹ́ẹ̀tì Civic kò ní àyè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tó mọ iṣẹ́ ṣe ń wò ó ni pé wọ́n á mọ amọ̀ rọ̀bọ̀tọ̀ lé orí tọ́ọ̀pù ní ibi mẹ́rin, wọ́n á rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n á tún ṣí i, wọ́n á sì wọn ohun tó kù nínú amọ̀ náà. Bí ó bá ti pẹlẹbẹ bíi bébà, ẹ́ńjìnnì yóò máa kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà tó bá gbọ̀n. Wọ́n lè yan síìtì tó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n sọ́ǹpù (àwo ọ́ílì abẹ́ ẹ́ńjìnnì) á wá súnmọ́ ilẹ̀, ẹni tó bá sì mọ títì wa mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Gíà ló wá ń pa ọ̀pọ̀ ètò yìí. Accord tó wà nílẹ̀ yìí, ọtomátíìkì ni púpọ̀ jù nínú wọn. Àwọn síìtì tí wọ́n ń tà fún Civic sì wà fún gíà ọlọ́wọ́ ti RSX tàbí Civic Si ti 2002 sí 2005. Gíà RSX Type-S ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, gíà yẹn ni kó kọ́kọ́ wà lọ́wọ́, torí ẹ́ńjìnnì K24 kò ní tán lọ́jà lónìí tàbí lọ́la.

Wáyà ni ìdíwọ́ kejì. Bréènì bọ́kìsì RSX máa ń wá kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀ kó tó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó. Nínú Civic, kò ní rí i. K-Pro, àfikún kọ̀ǹpútà tí ilé iṣẹ́ Hondata ṣe, máa ń wọ inú bọ́kìsì RSX náà, ó ń pa ìbéèrè kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà tún epo àti iná ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni wáyà ẹ́ńjìnnì. Bí àwọn tó ń tú mọ́tò bá ń yọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n sábà máa ń fi pílíásì gé wáyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á ju ìyókù nù. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ ní ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ rẹwáyà yóò gba gbogbo ẹ̀dínwó náà padà. Nítorí èyí, bí ẹnìkan bá lè rí ìdajì iwájú mọ́tò RSX tí wọ́n gé, tí ẹ́ńjìnnì, gíà, wáyà, bréènì àti àpótí gíà ṣì wà papọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà tó dára jù nìyẹn, bó tilẹ̀ dà bíi pé owó rẹ̀ pọ̀. Ó lè wá fi ìsàlẹ̀ K24 kún un lọ́jọ́ iwájú. Fífi ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jọ láti ọwọ́ oníṣòwò mẹ́fà ni ọ̀nà tó gbówó lórí jù, kìkì pé kò hàn lọ́jọ́ kìíní.

Epo náà yàtọ̀ díẹ̀. Civic ní páìpù tó ń dá epo tó ṣẹ́kù padà sí táǹkì, RSX kò ní in, torí náà wọ́n ní láti fi régúlétọ̀ (ohun tó ń ṣàkóso ìfúnpá epo) sí ojú ọ̀nà epo lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Rédíétọ̀ kékeré tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn wà fún pápá eré. Ní Èkó, níbi tí mọ́tò lè dúró sójú kan fún wákàtí kan, kí wọ́n wá èyí tó tóbi tó bá lè wọlé, kí wọ́n sì ra ohun tí wọ́n fi ń gbé AC sí K láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjà, kí wọ́n ṣí ìdérí ọ́ílì kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí irin tó ń dán tàbí tó pọ́n díẹ̀, ó dára. Bí ó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú ló lẹ̀ mọ́ ṣéènì, kí wọ́n máa lọ. Bí ẹni tó ń tà bá gbà, kí wọ́n wọn ìfúnpá sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ ara wọn ṣe pàtàkì ju kí ọ̀kan ga lọ. Kí wọ́n gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì lára, torí nọ́ńbà yẹn wà nínú ìwé mọ́tò, ó sì gbọ́dọ̀ yí padà níbẹ̀. Ní Kalifọ́níà, òfin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ dàgbà ju mọ́tò lọ, gbogbo ohun tó ń dín èéfín kù sì gbọ́dọ̀ bá a wá.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, wọn kì í tàn án lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti fíúsì epo, wọ́n á yí i pẹ̀lú kíkì títí iná ọ́ílì yóò fi kú, kí ọ́ílì lè ti dé òkè kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, wọ́n á padà sí abẹ́ mọ́tò láti fún bóòtù síìtì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á sì wo ibi tí ṣáàfù ti wọ gíà, torí ibẹ̀ ni ọ́ílì sábà máa ń kọ́kọ́ jò.