Bí àwọn agbófinró ṣe ń lépa ọkọ̀ tí wọ́n jí l'Óṣogbo

Ọ̀nà tó jáde l'Óṣogbo pọ̀. Olè lè gba Ìkìrun já sí Ọ̀fà, ó lè gba Ẹdẹ àti Gbọ̀ngán lọ sí Ìbàdàn, ó sì lè forí lé Iléṣà. Bí ìròyìn bá falẹ̀ láàárín àwọn agbófinró, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn.

Tẹ́ṣàn ọlọ́pàá tó sún mọ́ ibi tí ọkọ̀ ti sọnù ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ṣe sítétímẹ́ǹtì, á sì kó ìwé rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá á fi rédíò kéde rẹ̀ fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà. Ìhà Ìbàdàn rọrùn díẹ̀, torí Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ jọ wà lábẹ́ Ẹkùn 11 ti ọlọ́pàá, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà l'Óṣogbo. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé Ọ̀fà, ó ti wọ Kwara, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ mìíràn ló kù tó máa dá a dúró.

Ọ̀nà oko ńkọ́, pàápàá fún ọ̀kadà? Ibẹ̀ ni Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2020, ti wúlò jù, torí àwọn ọdẹ tó mọ igbó wà láàárín wọn. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ kíákíá. Ìwé òfin 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan, bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40. Kóòtù kò sì jìnnà l'Óṣogbo.

Nọ́ńbà ara ọkọ̀ kì í ṣòro fún olè láti yọ. Nọ́ńbà ṣáṣí, ìyẹn èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ tẹ̀ sí i lára, ló máa ń tú àṣírí: lẹ́tà àti òǹkà 17 ni, ó sì máa ń hàn lábẹ́ gíláàsì iwájú. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ìyẹn Róòdù Séfútì, ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nọ́ńbà àti orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀. Ọlọ́pàá tó bá fura á fi ṣáṣí wé ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Tí méjèèjì bá takora, awakọ̀ ní àlàyé láti ṣe.

Ibi tó ń bani nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ra tòkunbọ̀ tàbí àlòkù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, wọn kò yí ìwé rẹ̀ padà sí orúkọ ara wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá jí i, orúkọ ẹni àná ni àkọsílẹ̀ á gbé jáde, wákàtí tó yẹ kí wọ́n fi lépa olè á wá bá wíwá ẹni tó tà á lọ.

Ọkọ̀ tí wọ́n bá sì rí gbà padà, ẹ̀rí ni níwájú adájọ́. Wọ́n lè dá a padà fún ẹni tó ni ín lẹ́yìn tó bá ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun á gbé e wá nígbà tí kóòtù bá béèrè rẹ̀.